Ohun Tí Wolé-wolé Kò Lè Rí: Ilé Àyágbé àti Rádọ́ọ̀nù ní Ìbàdàn

Rádọ́ọ̀nù jẹ́ afẹ́fẹ́ kan tó ń ti inú ilẹ̀ àti inú òkúta jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn lẹ́nu. Yùréníọ̀mù tó wà ní ìwọ̀n kékeré nínú òkúta líle ni orísun rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni yùréníọ̀mù yìí ti ń yòrò díẹ̀díẹ̀, tó ń di rédíọ̀mù, tí rédíọ̀mù náà sì ń di rádọ́ọ̀nù. Rédíọ̀mù kì í kúrò níbi tó bá wà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni rádọ́ọ̀nù, ó lè gba àárín iyẹ̀pẹ̀ gòkè bí èéfín ṣe ń gba inú koríko òrùlé jáde. Bó bá bọ́ sí ìta gbangba, atẹ́gùn á fọ́n ọn ká, kò ní lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Inú yàrá tí a tì pa ni ó ti ń ṣù jọ. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà sí àwọn ohun mìíràn tí wọn kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́, polóníọ̀mù sì ni olórí wọn. Àwọn wọ̀nyí ló ń lẹ̀ mọ́ eruku, tí èèyàn ń fà símú, tí wọ́n ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n sì ń ta ìtànṣán sí ẹran ara níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, rádọ́ọ̀nù ló ń fa 3 sí 14 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti pé ewu rẹ̀ lára ẹni tó ń mu sìgá pọ̀ gidigidi ju ti ẹni tí kò mu ún lọ.

Orí òkúta ni Ìbàdàn wà. Àwọn òkè tí a mọ ìlú náà mọ́, Màpó àti Arẹ̀mọ, òkúta quartzite líle ló gbé wọn ró, nígbà tí òkúta gneiss tó dàgbà ju ẹranko àti ewéko orí ilẹ̀ lọ tẹ́ sábẹ́ àwọn ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ láàárín wọn. Bí bíríkìlà bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Bódìjà tàbí ní Agbowó, ó lè má pẹ́ kó tó kan òkúta. Àpáta yìí kò yí padà láti ìgbà tí ìlú ti wà. Ilé tí a kọ́ lé e lórí ni ó yí padà, àti àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó ni ilé àti ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tẹ Ìbàdàn dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ọ̀rọ̀ owó ilé kò tíì sí. Àlejò tó bá wọ̀lú á wá bàbá ìsàlẹ̀ kan, ológun tàbí olóyè tí yóò fún un ní àyè nínú agbo ilé rẹ̀. Ohun tí àlejò fi ń san án padà ni ìtẹ̀lé, ọwọ́ nínú iṣẹ́ oko, àti ìdúró ti bàbá ìsàlẹ̀ lójú ogun. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ilé kí páànù tó dé. Yàrá kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò lọ, òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá, nítorí olè àti ọ̀tá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí pé ilé àtijọ́ tutù kó sọ pé afẹ́fẹ́ inú yàrá rẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé yàrá wà fún orun àti fún ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni àwọn èèyàn ń gbé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń ranwú, tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí ọmọ ti ń ṣeré.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú agbo ilé tó tọ́ sí àkíyèsí. Ilẹ̀ yàrá jẹ́ amọ̀ tí a lù mọ́lẹ̀, amọ̀ a sì máa sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé ni láti tún un ṣe. Wọ́n á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lé gbogbo ilẹ̀ láti igun kan dé èkejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú sísán títí yóò fi dí, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí ẹwà àti nítorí kòkòrò ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń dí ojú sísán náà ni ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀; kò sí àríyànjiyàn lórí ta ni ó yẹ kó tún ilẹ̀ ṣe.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ìyẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ ìlú tuntun tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú àtijọ́. Lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ìsọ̀ wọn sí, ní Dùgbẹ̀ àti Gbági. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, oníṣòwò kòkó àti olùkọ́ wọ́ wá láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀ṣà àti láti òkè Ọya. Sábó jẹ́ ti àwọn Hausa, àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ ní Òkè-Àdó, oríṣiríṣi àlejò sì kún Ẹkọ́tẹdó àti Mọ́kọ́lá. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò wá bàbá ìsàlẹ̀ mọ́. Yàrá ni wọ́n ń wá, owó ni wọ́n sì fi ń gbà á. Ibẹ̀ ni ilé onípàséèjì ti gbilẹ̀: ọ̀nà tóóró kan láàárín, yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà lẹ́yìn, gbogbo ilé ló sì ń lò wọ́n. Irú ilé yìí ni àwọn èèyàn wá sọ ní «face-me-I-face-you». Àgbàlá àtijọ́ ti sún kì dé orí pàséèjì tí òkùnkùn bò, yàrá kan ṣoṣo sì ti di ibi orun, ibi oúnjẹ àti pálọ̀ fún odindi ẹbí.

Nígbà tí ilé di ohun tí a ń fi pawó, ìbéèrè kan dìde: kí ni onílé jẹ ayálégbé, yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́? Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn gbà wọ Ìbàdàn, òyìnbó ló sì gbé méjèèjì wá.

Èkíní gba inú ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1843, ẹjọ́ méjì wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù tí ojú wọn jọra. Nínú Smith àti Marrable, ìdílé kan yá ilé tó ti ní àga àti ibùsùn nínú ní Brighton, wọ́n sì bá a pé ìdun ti gba gbogbo rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n máa lọ, wọn kò jẹ owó tó kù. Ṣùgbọ́n nínú Hart àti Windsor, lọ́dún kan náà, àwọn adájọ́ sọ pé ẹni tó yá ilé tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀ kò lè sọ pé onílé ti ṣèlérí pé ilé náà yẹ fún ìgbé. Ẹni tó bá fẹ́ yá ilé, kí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó sanwó. Ìlànà kejì yìí ni ó rọ̀ mọ́ òfin tí ìjọba amúnisìn gbé wá sí Nàìjíríà, ilé òfìfo sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé tí wọ́n ń yá ní Ìbàdàn. Nígbà tí òfin gbígba ilé padà jáde ní ọdún 1945, bí onílé yóò ṣe fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀ àti bí kóòtù yóò ṣe lé e jáde ló dá lé. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ayálégbé ń mí kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, lábẹ́ òfin ìlera ìlú tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1917, orúkọ tí àwọn Yorùbá sì fún un bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ẹni tó ń wo ilé. Ó ń wọ ṣòkòtò péńpé káákì, ó ń gbé ìwé lọ́wọ́, kì í sì kéde kó tó wọlé. Á ṣí ìkòkò omi, á fi ìgò tàbí ife bu omi, á gbé e sókè sí oòrùn. Bí tanwíji bá ń jó nínú rẹ̀, onílé tàbí ìyàwó rẹ̀ ti di ẹni kóòtù. Ó ń wo ṣáláńgá, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo ààtàn, ó ń wo iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan. Àwọn ará ìlú bẹ̀rù rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn tó fi agbára ìjọba sọ fún onílé pé ìlera ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ kàn án. Iṣẹ́ yìí kò parẹ́ nígbà tí òyìnbó lọ. Ó padà wá pẹ̀lú ariwo nígbà tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn ní kí gbogbo ilé jáde wá gbálẹ̀ ní òpin oṣù.

Ojú ni irinṣẹ́ wolé-wolé. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Ohun tí kò bá rí, kò sí lákọsílẹ̀. Fún ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, ojú tó. Fún ohun tó ń ti ilẹ̀ gòkè nínú yàrá gbígbẹ tí a gbá mọ́ tónítóní, kò tó.

Kí òyìnbó tó lọ, láàárín 1948 àti 1959, Ìbàdàn tuntun tún ru sókè lẹ́ẹ̀kejì. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ilé ìwòsàn UCH ṣí ní 1957, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé fún ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ ní 1958, ẹsitéètì Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Àwọn tó ya àwòrán ilé yunifásítì, Maxwell Fry àti Jane Drew, fi atẹ́gùn ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn: ògiri oníhò, bàráńdà gígùn, fèrèsé ní ìhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé níhìn-ín kí ó sì jáde lọ́hùn-ún. Àwọn ilé Bódìjà àkọ́kọ́ náà ní àyè láàárín ara wọn, wọ́n ní ọgbà, fèrèsé wọn sì fẹ̀. Ooru ni wọ́n ń bá jà. Láìmọ̀, wọ́n ń bá rádọ́ọ̀nù jà pẹ̀lú, nítorí yàrá tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kó ṣù jọ.

Ilé tó yí wọn ká lẹ́yìn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kò ní yàrá tó fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Agbowó sì wà ní òdìkejì títì gan-an, iwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn onílé ibẹ̀ kọ́ ilé lé ilé. Ní Ring Road àti Challenge, bí títì ṣe ń gbòòrò ni ilẹ̀ ń wọ́n, tí fúláàtì sì ń rọ́pò ilé onípàséèjì. Ẹ̀rù olè gbé irin wá sí ojú fèrèsé. Gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí kì í tì tán yọ kúrò, èyí tí a ń fà lórí irin tó sì ń tì pinpin rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó lówó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí kò ní in ń tilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn, nítorí ariwo, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

Yàrá tí àwọn èèyàn ń pè ní «self-contain» ni ó fi ìyípadà yìí hàn jù. Ó jẹ́ yàrá kan ṣoṣo tí a gé igun rẹ̀ kan fún ilé ìtura àti òmíràn fún ibi ìdáná. Àǹfààní rẹ̀ tóbi, nítorí ayálégbé kò ní tò fún balùwẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀. Kí bíríkìlà tó gbé ògiri dúró, ó ti da kọnkéré lé ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní «German floor». Páìpù ilé ìtura, páìpù balùwẹ̀ àti ti ibi ìfọwọ́ ní láti gba inú rẹ̀ kọjá wọlẹ̀. Bí púlọ́ńbà bá dé lẹ́yìn tí kọnkéré ti le, á fi òlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì fọ́ ọ, á ki páìpù bọ̀ ọ́, àlàfo tó gba ìka èèyàn á sì kù yí páìpù náà ká. Wọ́n á rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á tẹ́ táìlì lé e. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú sísán tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ ní ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri. Ibi wọ̀nyí gan-an ni rádọ́ọ̀nù ń gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tó bá gbóná ń gòkè jáde, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ wá rọ́pò ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sì ti fèrèsé kan ṣoṣo tó ní nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀, sùn sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ó tọ̀nà bó ṣe ti fèrèsé, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pa odindi ìdílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ewu rádọ́ọ̀nù lè dúró fún ogún ọdún. Sísá fún ewu tó yá ni ó sún un mọ́ èyí tó ń falẹ̀.

Ìmọ̀ nípa ewu yìí ti inú kòtò ìwakùsà wá. Ní Schneeberg, ní ìpínlẹ̀ Saxony ní Jámánì, àwọn awakùsà ti ń kú nípa àrùn àyà kan láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ní ọdún 1879 ni oníṣègùn méjì, Härting àti Hesse, fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ogún ọdún lé ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1900, ará Jámánì mìíràn, Friedrich Ernst Dorn, ṣàkíyèsí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rédíọ̀mù jáde. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó so méjèèjì pọ̀, ó sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé ilé lásán lè dà bí kòtò ìwakùsà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ló la ojú ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, Stanley Watras, ẹnjiníà kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù ní Limerick, Pennsylvania, ń mú kí aago ìkìlọ̀ ìtànṣán dún. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná rárá. Nígbà tí wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ilé rẹ̀, wọ́n bá rádọ́ọ̀nù níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò sí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí nínú ilé ìgbé. Ní 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan má ṣe jẹ́ kí rádọ́ọ̀nù inú ilé kọjá 100 becquerel nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, àti pé bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kò gbọdọ̀ kọjá 300. Becquerel kan túmọ̀ sí átọ́ọ̀mù kan tó ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìbàdàn kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí bí àwọn ayálégbé rẹ̀ ṣe lè rò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ̀ wò ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ̀rù sì ba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pé ọyẹ́ yóò gbé eruku olóró náà wá. Nàìjíríà bínú débi pé ó lé aṣojú ilẹ̀ Faransé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1961. Inú ẹ̀rù yẹn ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo aráàlú lọ́wọ́ ìtànṣán ti jáde ní ọdún 1964, ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sì fi í sí. Lẹ́yìn náà, òun náà ló ń ṣe ìwọ̀n ìtànṣán fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn. Òfin ìtànṣán àti átọ́ọ̀mù jáde ní 1995, àjọ tó ń mú un ṣẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ilé ìwádìí ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán tó wà lábẹ́ àjọ náà sì wà nínú ọgbà yunifásítì kan náà títí di òní.

Àwọn onímọ̀ físíìsì ibẹ̀ ló gbé rádọ́ọ̀nù wọnú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, Rachel Obed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun ìwọ̀n sí ọ́fíìsì 24 nínú ọgbà yunifásítì. Ohun ìwọ̀n náà kò ju ègé ike kékeré kan lọ, CR-39 ni orúkọ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ojú. Kò nílò iná, kì í dún. Bí átọ́ọ̀mù rádọ́ọ̀nù bá fọ́ nítòsí rẹ̀, ìtànṣán á ha á lára ní àmì tí ojú kò lè rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n rì wọ́n sínú omi sódà líle tó gbóná dé 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí mẹ́ta, àwọn àmì náà sì fẹ̀ tó ohun tí a lè kà. Ọ́fíìsì tó kéré jù ní 157 becquerel, èyí tó pọ̀ jù ní 495, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 293. Ìtànṣán tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà nínú ọdún kò kọjá ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìtànṣán sọ pé ó gba ìgbésẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì mẹ́rìnlélógún náà ló kọjá 100 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá, òmíràn nínú wọn sì kọjá 300. Àwọn onímọ̀ kan náà tún wọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta ti hàn sójú ju ti Ìbàdàn lọ.

Ọ́fíìsì kì í ṣe yàrá ayálégbé. Òṣìṣẹ́ ń kúrò ní ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́. Ayálégbé ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọgbà yunifásítì kò dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó kọjá lábẹ́ títì lọ sí Agbowó, ó sì lọ sí Bódìjà. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye yẹn gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ lórí gbogbo ilé àdúgbò ti ṣe àṣejù, nítorí yàrá méjì tó fara kan ara wọn lè yàtọ̀ síra ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tó fi hàn ni pé ó yẹ kí a wọn àwọn yàrá náà.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, òfin ti mú kí wíwọ̀n jẹ́ ti onílé. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi ilé gba owó gbọ́dọ̀ wọn rádọ́ọ̀nù inú rẹ̀, kí ó sì sọ iye tó rí fún ayálégbé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìlànà Hart àti Windsor wá fún Nàìjíríà ti yí ara rẹ̀ padà: ìtànṣán wà nínú ewu 29 tí ìjọba ìbílẹ̀ ń wò nínú ilé lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti 2004, òfin 2018 sì ní ilé tí wọ́n bá yá ní England gbọ́dọ̀ yẹ fún ìgbé, kí ó sì máa yẹ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tó bá yá ilé ní Devon tàbí Cornwall, níbi tí òkúta granite pọ̀, lè fi òfin yẹn pe onílé rẹ̀ lẹ́jọ́. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, tó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó kún jù ní ilẹ̀ Yorùbá, sọ pé kí onílé ṣe àtúnṣe ara ilé, kí ó sì jẹ́ kí ayálégbé gbé ní àlàáfíà; kò dárúkọ rádọ́ọ̀nù.

Ní Ìbàdàn, ojúṣe onílé ń gbòòrò lẹ́yìn àjálù ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó kó ilé àti èèyàn lọ, ìlú sì pè é ní Omíyalé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti odò ti wà lẹ́nu ìjọba, ó sì tún padà kíkan-kíkan lẹ́yìn àgbàrá oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù kan mi gbogbo Ìbàdàn tìtì láti Bódìjà àtijọ́. Ilé wó, èèyàn kú, ọ̀pọ̀ fara pa, páànù àti gíláàsì já ní ibi tó jìnnà réré. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ohun tí ayálégbé ń kó wọlé ti di ọ̀rọ̀ tí onílé kò lè dákẹ́ lé. Omi àti ìbúgbàmù ní ariwo. Ẹni tí rádọ́ọ̀nù bá pa ń kú sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti lè yá ilé márùn-ún láàárín àkókò yẹn. Èwo nínú onílé márùn-ún náà ni kóòtù yóò pè?

Nítorí èyí ni ojúṣe onílé lórí rádọ́ọ̀nù kò ṣe lè dúró de ẹjọ́. Ó ní láti wà nínú kíkọ́ ilé àti nínú títún un ṣe, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwọn bíríkìlà Ìbàdàn. Ní ilé tuntun, kí a tẹ́ ọ̀rá nípọn sábẹ́ German floor kí kọnkéré tó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é nítorí ọ̀rinrin. Kí púlọ́ńbà gbé páìpù rẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú kọnkéré, kí ó má bàa fọ́ ọ lẹ́yìn. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò afẹ́fẹ́ lókè ògiri tí kò ṣeé tì, ní ìhà tí jẹnẹrétọ̀ kò sí. Ní ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ ga, a lè gba abẹ́ ilẹ̀ fa páìpù kan dé orí òrùlé, kí fáànù kékeré máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ jáde kí ó tó wọ yàrá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìwọ̀n gan-an kò gbà ju oṣù mẹ́ta lọ, owó ilé ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ ti ọdún kan tàbí méjì, nítorí náà onílé tó bá gbé ègé ike náà sí yàrá lẹ́yìn tí ayálégbé tuntun ti wọlé lè mọ ohun tó ń yá fún un kí ọdún tó yípo. Ní ti àlàfo tó yí páìpù ká, sìmẹ́ǹtì tó kún abọ́ kan ló ń dí i, ọjọ́ tí ó sì rọrùn jù láti dí i ni ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n tẹ́ táìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wá wo ilé kò ní rí i mọ́.